Ògiri Abà Woloschuk

Onígbàǹjo ló rán mi wá kí n wá ka ẹrù.
Mo ka ẹ̀rọ ìkórè méjì, àkàbà mẹ́ta,
gàárì ẹṣin tí eku ti jẹ ní ìbàdí,
mo dé ògiri ìhà àríwá, kálámù mi dúró.

Páànù! Páànù láti àjà dé ilẹ̀,
nọ́ńbà ọkọ̀ akẹ́rù, ó lé ní ọgọ́ta ọdún,
ìṣó méjì méjì, ọdún lórí ọdún,
bí ìpẹ́ ẹja tí ẹnì kan ò họ.
Odarka dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife tíì.
Ó ní, "Kọ ọ́ bí o ṣe rí i. Bàbá mi kì í ju nǹkan nù."

Ti àkọ́kọ́ kì í ṣe páànù rárá, awọ màlúù ni.
Láyé ọjọ́un ní Saskatchewan, nọ́ńbà nìkan ni ìjọba ń fún ọ,
ìwọ lo máa wá ohun tí o máa kọ ọ́ sí.
Ẹni tó ń rán gàárì ló gé awọ náà fún Teodor,
ó kan nọ́ńbà irin mẹ́rin mọ́ ọn lára.
Òjò pa á, òjò dídì pa á,
ó ká kò bí etí ajá arúgbó.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni páànù dé, tàwọ̀tàwọ̀:
ọdún kan, àwọ̀ ewé; ọdún kejì, pupa bí ojú ẹni tó sunkún sùn;
ọdún mìíràn, funfun, tí ọlọ́pàá ò lè kà á nínú òjò dídì.
Lọ́dọọdún Teodor á dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀,
òtútù á lẹ síkírù mọ́ ọn níka,
á yọ ti èṣí, á de tuntun,
á sì gbé èṣí wá sórí ògiri yìí.

Nígbà tó yá, wọ́n kọ àlìkámà sí i lára:
ilẹ̀ àlìkámà, bí ẹni tó ń ki ara rẹ̀.
Odarka rẹ́rìn-ín. "Ọdún yẹn gan-an ni yìnyín lu tiwa mọ́lẹ̀."

Lẹ́tà F tó ṣáájú nọ́ńbà, ti àgbẹ̀ ni:
ọkà ara rẹ ni kí o máa gbé, kí o máa ra epo aláwọ̀ àlùkò tó pọ́ọ́kú.
Ọlọ́pàá á ti ọ̀pá bọ inú táǹkì,
bí ìyá tó ń wo ẹnu ọmọ tó jí ẹran ọbẹ̀.
Teodor gbé dùùrù Schwandt aládùúgbò lọ́jọ́ kan,
wọ́n ní dùùrù kì í ṣe ọkà.
Ó san owó ìtanràn. Ó ní orin náà tó bẹ́ẹ̀.

Páànù tó kẹ́yìn kò kúrò lára ọkọ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlógún,
bébà kékeré ní igun, ọ̀kan lórí èkejì,
títí bébà náà fi di ohun ìgbàgbé.

Ṣùgbọ́n àlàfo kan wà láàárín.
Ìṣó méjì, pákó tí oòrùn ò pa láwọ̀ dà.
Mo ní, "Ṣé èyí já bọ́ ni?"

"Kò já bọ́." Ó gbé ife sílẹ̀.
"Ọdún ogun ni. Irin ò sí fún nọ́ńbà.
Ìwé ni wọ́n fún wa, kí á lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì iwájú.
Symon ẹ̀gbọ́n mi ló lẹ̀ ẹ́,
kí wọ́n tó mú un kọjá òkun lọ sí Ítálì.
Irin tí wọn ò rí fi ṣe nọ́ńbà,
wọ́n rí i fi ṣe èyí tó bá a níbẹ̀.
Nọ́ńbà kékeré tó so mọ́ ọrùn ni wọ́n fi ránṣẹ́ sílé.
Bàbá mi ti gbá ìṣó méjèèjì wọlé.
Ìyá mi ò jẹ́ kó kàn án mọ́gi."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé:
*nọ́ńbà ọkọ̀, mẹ́tàlélọ́gọ́ta; àlàfo, ẹyọ kan.*
Onígbàǹjo á pariwo, wọn kì í ta àlàfo.
Mi ò pa á rẹ́.

Odarka fi ẹ̀yìn òòlù yọ ìṣó méjèèjì,
ó dà wọ́n sápò kóòtù.
"Ìwọ̀nyí," ó ní, "kò sí lára ẹrù."